Àjẹkì: Ohun tí Ọkàn Ń Wá Nínú Ìkòkò

Níbi ìsìnkú àgbà ní Ìpè-Àkókó, kò sẹ́ni tó ń ka òkèlè lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Láti ìdájí ni odó ti ń dún lẹ́yìnkùlé, tí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń hó lórí ààrò, tí iyán ń jáde ní òkìtì-òkìtì. Ẹni tó bá jẹ òkìtì méjì tó tún ní kí wọ́n fi ìkan sí i, ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín in, wọn a ní kó tú ìgbànú. Bó bá délé á sùn, ilẹ̀ á mọ́, ọ̀rọ̀ parí. Àjẹyó lásán nìyẹn, kò kan dókítà.

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yàtọ̀ sí èyí. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, tó gba yàrá sí ìta ọgbà. Láti àárọ̀ ló ti pinnu pé òun kò ní jẹun títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí aṣọ ẹbí tó rán fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gba ìdí rẹ̀ mọ́. Omi tútù àti bisikíìtì kékeré kan ló fi ti ọjọ́ náà. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ra odidi búrẹ́dì kan, ó ní díẹ̀ lòun máa gé nínú rẹ̀. Búrẹ́dì tán kí ogún ìṣẹ́jú tó pé. Ó se indomie méjì, orí ìdúró ló ti jẹ ẹ́, láti inú ìkòkò. Ó bu gààrì, ó tú mílíìkì tí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé fi pa mọ́ sí i. Ní gbogbo ìgbà yìí kò mọ adùn oúnjẹ mọ́, ikùn ń ro ó, ọwọ́ kò sì dúró. Nígbà tó tó, ó kó ọ̀rá indomie sínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e lọ jù sí ààtàn tó jìnnà sílé kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ó padà wọlé, ó sunkún, ó sì búra pé lọ́la òun kò ní fẹnu kan nǹkan kan.

Ẹ fi ọkàn sí ìbúra yẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa ń padà sí.

Albert Stunkard, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe irú àjẹkì yìí nínú ìwé ìṣègùn ní 1959. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà ló ti kọ nípa àwọn tó máa ń dìde jẹun lóru. Síbẹ̀ ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó ka ọ̀rọ̀ náà sí àìsàn. Ní 1979, Gerald Russell ní London kọ nípa àwọn tó ń jẹ àjẹkì tí wọ́n sì ń fọwọ́ fa èébì lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ìyẹn sì tètè rí dókítà tó gbọ́ tiwọn. Àwọn tó ń jẹ tí wọn kò bì ló kù sẹ́yìn. Ní 1994, ìwé atọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi wọ́n sí ìparí ìwé, láàárín àwọn ohun tí wọ́n ṣì ń wádìí. Ó di 2013 kí àjẹkì tó gba àyè tirẹ̀ bí àìsàn tó dá dúró. Ìwé ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, náà ti kà á mọ́ àìsàn.

Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ kò ta kókó. Ènìyàn á jẹ oúnjẹ tó pọ̀ ju èyí tí ẹlòmíràn lè jẹ láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, á sì rí i pé òun kò lè dá ara òun dúró. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún oṣù mẹ́ta. Ó lè máa yára jẹ, tàbí kó máa jẹ nígbà tí ebi kò pa á, tàbí títí ara á fi ni ín. Ó lè máa sá pamọ́ jẹ nítorí ìtìjú, tàbí kí ìríra ara rẹ̀ bò ó lẹ́yìn náà. Mẹ́ta nínú márùn-ún yìí ti tó. Ẹ ó rí i pé kò sí ìwọ̀n ara níbẹ̀. Lẹ́pa lè ní àìsàn yìí. Orobo tó ń jẹun lákòókò lè má ní in rárá.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 14 pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó jáde ní 2013, fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn méjì nínú 100 ló ti ní in rí. Ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n rí ní 2007 jẹ́ 3.5 nínú 100 obìnrin àti 2 nínú 100 ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, torí a ti fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ara sí ìdí obìnrin. Ọkùnrin tó ń jẹ àjẹkì, wọ́n á ní ó ń jẹun bí ọkùnrin.

Àwọn kan á ní àìsàn òyìnbó ni, pé ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ kò ní ráyè fún irú rẹ̀. Ìwádìí kò fi hàn bẹ́ẹ̀: láti 1992 ni Oyewumi àti Kazarian ti tẹ ìwádìí jáde lórí irú ìwà yìí láàárín àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà. Àlọ́ wa pàápàá mọ̀ ọ́n. Ìjàpá tó lọ sílé àna rẹ̀, tó bu àsáró gbígbóná sínú fìlà tó sì dé e mọ́rí, kì í ṣe ebi nìkan ló ń dà á láàmú. Ó lè béèrè, wọn ì bá sì fún un. Ojú ló ń tì í, ìtìjú náà ló sì bó o lórí. Àwa tí a gbọ́ àlọ́ náà mú ọ̀kánjúwà níbẹ̀, a fi ìtìjú sílẹ̀.

Kí ló ń fà á? Èyí tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù lọ ni pé ebi ló sábà máa ń ṣáájú àjẹkì. Láti ìparí 1944 dé 1945, Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota kó ọ̀dọ́kùnrin 36 jọ, àwọn tó kọ̀ láti jagun nítorí ẹ̀rí ọkàn. Ara wọn le, ọpọlọ wọn pé. Ó dín oúnjẹ wọn kù fún oṣù mẹ́fà títí wọ́n fi pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Kò pẹ́ tí oúnjẹ fi gba gbogbo ọkàn wọn: oúnjẹ ni wọ́n ń sọ, ìwé oúnjẹ sísè ni wọ́n ń kà, wọ́n á lá abọ́ mọ́ féfé. Ìgbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa jẹun padà ni ọ̀rọ̀ wá ṣòro. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ, wọ́n jẹ, wọn kò yó. Ikùn kún, ebi ṣì wà lọ́kàn, ó sì gba ọ̀pọ̀ oṣù kí èyí tó lọ. Kò sí wọ̀bìà kankan nínú wọn kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀.

Ní 1975, Peter Herman àti Deborah Mack ṣe èyí tó kéré síyẹn ṣùgbọ́n tó jinlẹ̀. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní mílíìkì dídùn mu, lẹ́yìn náà wọ́n gbé áísìkiriímù kalẹ̀ fún wọn. Àwọn tí kì í ṣọ́ oúnjẹ jẹ dín áísìkiriímù kù, nítorí mílíìkì ti wà níkùn. Ẹ̀yìn mílíìkì ni àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ wá jẹ jù. Òfin tí wọ́n ṣe fún ara wọn ti já, ọjọ́ ti bàjẹ́, kí ló tún kù tí wọ́n ń ṣọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tiwa ní Àkùngbá bá wọn mu: bó ṣe gé búrẹ́dì àkọ́kọ́ ni ìlànà ọjọ́ náà ti wó.

Ní ọgbà ilé-ìwé wa, àwọn ọmọ ní orúkọ tí wọ́n ń pe ètò oúnjẹ wọn: 0-1-0, tàbí 0-0-1. Ọ̀sán nìkan, tàbí alẹ́ nìkan. Àìlówó ló ń fà á fún ọ̀pọ̀, kì í ṣe oge. Ṣùgbọ́n ara kò mọ̀yàtọ̀ láàárín ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ di lẹ́pa. Ní 2017, Carolyn Becker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí àwọn tó ń gba oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní San Antonio ní Texas. Ilé tí ìyàn ti le jù, débi pé ọmọ ń fi ebi sùn, ibẹ̀ gan-an ni àjẹkì ti pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n rí yìí bi èrò àtijọ́ pé àìsàn olówó ni ṣubú. Mo sì rò pé ó yẹ kó mú wa tún wo ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń wọn oúnjẹ fún, tí wọ́n wá ká mọ́ ìdí ìkòkò lóru. Orúkọ tí a máa ń so mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́rùn, olè ni.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Ní Ìkàrẹ́, níbi tí Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ ń gbé, oṣù Ramadan ń bẹ, ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ń bẹ. Ààwẹ̀ kì í ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń gbà á tí wọ́n ń ṣínu ní ìrọ̀rùn. Àmọ́ fún ẹni tí àjẹkì ti mú, ààwẹ̀ lè di ibi ìsápamọ́sí: ó jẹ lóru, ojú tì í, ó fi ọjọ́ mẹ́ta àìjẹ àìmu ṣe ètùtù, ebi mú un padà sídìí ìkòkò. Bó bá wá sọ fún wòlíì pé òun ń dìde jẹun lóru, wọ́n lè ní ẹ̀mí kan ló ń bọ́ ọ, kó tún fi ọjọ́ méje kún un. Wọn kò gbèrò ibi. Wọ́n kàn ń da epo síná ni.

Bí ebi bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan, ìbànújẹ́ ni èkejì. Todd Heatherton àti Roy Baumeister kọ ní 1991 pé ẹni tó ń jẹ àjẹkì ń fi oúnjẹ sá fún ara rẹ̀. Ó ní òṣùwọ̀n gíga fún ara rẹ̀, kò bá a, èrò ìkùnà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnu ń jẹ, ọkàn á dín kù sí ohun tó wà níwájú: òórùn, ìgbóná, òkèlè tó kàn. Ìrònú á dákẹ́ díẹ̀. Ìyàwó tí àna ń bi léèrè oyún lóṣooṣù, tíṣà tó fẹ̀yìn tì tí owó rẹ̀ kò wọlé, ọmọ tó gboyè tó padà sí Ọ̀kà wá jókòó ti bàbá rẹ̀: kò sí èyí tó ṣàjèjì sí wa nínú wọn. Àbùkù ìdákẹ́ náà ni pé kì í pẹ́. Bí ẹnu bá dúró, gbogbo ohun tó sá fún á padà wá, á sì mú ẹ̀bi tuntun dání.

Ibí yìí ni èébú ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. A máa ń rò pé bí a bá bú ẹni tó sanra tó, á jẹun mọ níwọ̀n. Ohun tí ìwádìí ń rí léraléra ni pé àwọn tí aráyé ń fi sísanra wọn ṣẹ̀sín ní í máa jẹ àjẹkì jù, torí èébú ń fi ìbànújẹ́ kún ìbànújẹ́, ó sì ń mú wọn búra ìgbààwẹ̀ tuntun.

Ayé àtijọ́ tiwa kọ́ ló bí irú èébú yìí. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó sanra ni ara rẹ̀ le, tó rí jẹ. Ìyàwó tó rù ni wọ́n ń bi ọkọ rẹ̀ léèrè. Fóònù ti yí i padà. Àwọn ọmọ ń wo ìbàdí tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ ṣe, wọ́n ń ra tíì tó ń yọ ikùn, èyí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju egbòogi ìyàgbẹ́ lọ. Fiji rí irú rẹ̀ rí. Tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nadroga ní 1995, ilẹ̀ tí wọ́n ti fẹ́ràn ara tó yọ bíi tiwa. Anne Becker béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé lọ́dún náà, kò rí ẹnì kankan tó ń bì láti fi dín ara kù. Nígbà tó padà lọ ní 1998, mọ́kànlá nínú 100 ló ti ń ṣe é. Ọdún mẹ́ta péré, tẹlifíṣọ̀n lásán ni, kò sí Instagram.

Ọ̀rọ̀ ìgbà èwe náà wà ńbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ yẹpẹrẹ ni mo fi ń mú un. Hilde Bruch, nínú ìwé tó kọ ní 1973, ní ìyá tó ń fi oúnjẹ dáhùn gbogbo ẹkún ọmọ ń tọ́ ọmọ tí kò ní mọ ebi yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù tàbí àárẹ̀. Ní Kwara lápá ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí kan wo bí àwọn ìyá Yorùbá ṣe ń rọ ọmọ: ọmọ á wà lórí itan, ìyá á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ife sí i lẹ́nu, ẹ̀kọ́ mímu á máa wọlé bí ọmọ tilẹ̀ ń janpata. Kò sẹ́ni tó fi hàn pé rírọ ọmọ ń bí àjẹkì lágbà, n kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa tí wọ́n rọ ló ń jẹun wọn ní àlàáfíà. Ó kàn wù mí kí ẹnìkan wádìí rẹ̀. Ní ti ẹ̀jẹ̀, ìwádìí lára àwọn ìbejì fi hàn pé nǹkan bí ìdajì ewu náà jẹ́ àjogúnbá.

Ìtọ́jú tó dára jù bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò retí: wọ́n á ní kí aláìsàn máa jẹun. Ìlànà tí Christopher Fairburn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Oxford ni pé kó jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kó fi ìpanu méjì tàbí mẹ́ta sí àárín, kí wákàtí mẹ́rin má kọjá láìjẹ nǹkan, ì báà ṣe pé ó jẹ àjẹkì lóru àná. Ògì àti àkàrà láàárọ̀, èpà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù á bà á pé òun á sanra sí i. Kàkà bẹ́ẹ̀, àjẹkì alẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, torí ebi tó ń tì í kò sí mọ́.

Èkejì ni ìwé àkọsílẹ̀. Gbogbo ohun tó bá jẹ ni yóò kọ, lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú aago, ibi tó wà, àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ lè kà báyìí: «2:00 ọ̀sán, kò sí oúnjẹ. 6:30, bọ̀dá mi pè, ó ní ta ló máa fẹ́ orobo. 9:10, búrẹ́dì odidi, nínú yàrá, mo ti ilẹ̀kùn.» Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì irú èyí, kò sẹ́ni tó nílò ọ̀jọ̀gbọ́n láti rí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wá. Lẹ́yìn náà ni aláìsàn àti olùtọ́jú rẹ̀ á jọ wo ohun tó lè ṣe ní aago mẹ́fà ààbọ̀ yẹn yàtọ̀ sí oúnjẹ, wọ́n á sì máa mú àwọn oúnjẹ tó ti fi ṣe èèwọ̀ padà wá díẹ̀díẹ̀, kí búrẹ́dì lè padà di búrẹ́dì.

Irú ìtọ́jú mìíràn wà tí kì í bá oúnjẹ jà rárá. Àjọṣe ènìyàn ni wọ́n á yẹ̀ wò: ọ̀fọ̀, ìjà ilé tí kò tán, àyípadà ipò, àìrẹ́nibárìn. Ní 2010, Terence Wilson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti pín aláìsàn 205 sí mẹ́ta: àwọn kan gba ìtọ́jú àjọṣe yìí, àwọn kan ń fi ìwé tọ́jú ara wọn pẹ̀lú olùtọ́nisọ́nà, àwọn yòókù wà nínú ètò ìdínsanra lásán. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹgbẹ́ méjì àkọ́kọ́ ló dúró ṣinṣin jù. Ètò ìdínsanra ló kẹ́yìn. Kí n má purọ́: ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, ìtọ́jú ọkàn kì í sábà dín ìwọ̀n kù. Àjẹkì ló ń dáwọ́ dúró, ìyẹn sì lèrè rẹ̀. Oògùn kan wà, lisdexamfetamine, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àjẹkì ní 2015, ṣùgbọ́n oògùn líle tó lè di bárakú ni, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń lọ rà lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì.

Ta ló máa ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní Àkókó? Àkúrẹ́ ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìpínlẹ̀ wà, ọ̀nà sì jìn láti Ìpè. Ìwádìí àgbáyé tó jáde ní 2007 rí i pé ènìyàn 1.6 péré nínú 100 ní Nàìjíríà ló gba ìtọ́jú ọpọlọ kankan láàárín ọdún kan. Ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní 2023 rọ́pò òfin asínwín ayé àwọn òyìnbó, ó dára, ṣùgbọ́n òfin kì í gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn. Ìrètí tèmi wà lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀. Ní Ùgáńdà, Paul Bolton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ará abúlé tí kì í ṣe dókítà ní ìtọ́jú àjọṣe yìí fún ìbànújẹ́ ọkàn, èsì tó jáde ní 2003 sì dára gan-an. Nílé níbí, ẹgbẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ní Ìbàdàn ti lo òṣìṣẹ́ ìlera kékeré láti tọ́jú ìbànújẹ́ aboyún, wọ́n tún ti mú oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn ilé àdúrà bá ilé ìwòsàn ṣiṣẹ́ pọ̀ fún àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú. Ìtọ́jú tó jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ àti aago oúnjẹ kò le ju àwọn yẹn lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, òun ni ìlànà ìjọba wọn ti 2017 ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni àwọn aláìsàn wa ń gbà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n á gbé màmá gun ìwọ̀n, wọ́n á ní kó dín iyán kù. Ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú ìyẹn. «Mà, ǹjẹ́ ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nígbà mìíràn tí ọwọ́ yín kì í dúró?» «Kó tó di pé ó ṣẹlẹ̀, ìgbà wo lẹ ti jẹun kẹ́yìn?» Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí àkọ́kọ́, kí nọ́ọ̀sì má tíì fún un ní ìwé èèwọ̀ oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Kó kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun láàárọ̀.